Ta Ni Wọn Yóò Fi Tiwa Lé Lọ́wọ́?

                                        Ojúlé Kọkànlá, Àdúgbò Ìkòsí,
                                        Kétu, Ìpínlẹ̀ Èkó.
                                        Ọjọ́ Kẹtàdínlógún, Oṣù Kẹsàn-án, 2025.

Oyèṣọlá, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

O kú iṣẹ́ o, o kú àìrójú, o kú àárò ilé. Ṣé dáadáa lo wà ní Jẹ́bà? Ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn ọ́ nígbà tí o wá kẹ́yìn ti fi ọ́ sílẹ̀? Mo gbọ́ pé òjò kò jẹ́ kí ẹ gbádùn lọ́hùn-ún. Òjò ti ìhín náà kò sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀gbọ́n mi tó ti Tedé dé sọ pé ara màmá rẹ le, pé wọ́n ṣì ń lọ sóko, wọn kò sì gbọ́ ti ẹni tó ní kí wọ́n jókòó. Fẹ́yìsayọ̀ ìyàwó wa àti Tiwa ọmọ rẹ kò ṣàìsàn. Èmi náà ń ránṣọ mi lọ ní ṣọ́ọ̀bù, a dúpẹ́.

O lè máa rò ó pé kí ló dé tí mo ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Lórí fóònù, kí n tó sọ gbólóhùn méjì, ìlà ti já, tàbí kí ìyàwó rẹ ti gbà á lọ́wọ́ mi. Mo mọ̀ pé Fẹ́yìsayọ̀ ti ro tirẹ̀ fún ọ. Mo fẹ́ kí o gbọ́ tèmi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ẹnikẹ́ni má já lu ọ̀rọ̀ mi. Àyàntúndé tó ń kó tòmátò wá sí Mile 12 ń padà sókè lọ́la, òun ni mo fi rán.

O rántí pé o ní kí n bá ọ wo ilé ìtọ́jú ọmọ tí ìyàwó wa fẹ́ fi Tiwa sí, nítorí iṣẹ́ tuntun tó rí sí àdúgbò Anthony, tí kò sì sí ẹni tí yóò máa bá a mú ọmọ. Ọ̀gá rẹ̀ obìnrin ló júwe ilé ìwé kan fún un lápá Sangisa, níbi tí àwọn ará inú Magodo ń kó ọmọ wọn lọ. Wọ́n kọ Mọ́ńtẹsórì gàdàgbà sára ògiri. Mo bi ìyàwó wa pé kí nìyẹn. Ó ní ọ̀nà ìkọ́mọ kan ni, tí ọmọ fúnra rẹ̀ yóò máa yan iṣẹ́ tó bá wù ú, tí wọn kì í sì í na ọmọ. Mo ní ṣé gbogbo ẹni tó bá ti kọ orúkọ yẹn sára ògiri ló mọ̀ ọ́n ṣe? Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Bọ̀dá Muideen, ilé ìwé tí ewúrẹ́ ń wọlé wá bá yín jókòó ni ẹ lọ. Níbo lẹ ti mọ Mọ́ńtẹsórì?"

Mo ní, "Ewúrẹ́ yẹn, a mọ ẹni tó ni ín."

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àwa méjèèjì jọ lọ síbẹ̀. Ẹni tó ni ilé ìwé náà, Mummy Testimony, ti ń retí wa, torí ìyàwó wa ti pè é ṣáájú. Oyèṣọlá, n kò ní purọ́ fún ọ, ibẹ̀ dára lójú. Pẹpẹ kéékèèké tí kò ga ju àyà ọmọdé lọ, ìlẹ̀kẹ̀ aláràbarà, jọ́ọ̀gì pínníṣín, pákó tí wọ́n gé ní lẹ́tà. Àwọn ọmọ jókòó sórí ẹní, wọ́n káwọ́ lẹ́rán. Ìyẹn ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù. Ọmọ ọdún méjì, ọmọ ọdún mẹ́ta, tí wọ́n pọ̀ tó yẹn, kò sí èyí tó ń sunkún, kò sí èyí tó ń já nǹkan gbà lọ́wọ́ èkejì. Ní Tedé, bí àwọn ọmọdé bá dákẹ́ báyẹn, àgbàlagbà á dìde lọ wo ohun tí wọ́n ń bà jẹ́.

Mo bi obìnrin náà pé ìgbà wo ni àwọn ọmọ ń yan iṣẹ́ tó wù wọ́n. Ó ní wọ́n ti yàn tán láàárọ̀. Bó ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́, ọmọkùnrin kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Bámi na ọwọ́ sí ìlẹ̀kẹ̀ orí pẹpẹ. Aunty Clara tó ń tọ́jú wọn rọra gbé ọwọ́ ọmọ náà kúrò, ó ní àlejò wà níbí. Mo wá ń rò ó lọ́kàn mi pé ta ni wọ́n tiẹ̀ ra ìlẹ̀kẹ̀ yẹn fún.

Mo tún bi Mummy Testimony pé kí ni wọ́n ń fún àwọn ọmọ kí wọ́n tó sùn lọ́sàn-án, nítorí mo ti gbọ́ ti àwọn ibi tí wọ́n ti ń fún ọmọ ní oògùn ikọ́ kó lè sùn kí wọ́n sì rímú mí. Ìyàwó wa tẹ ẹsẹ̀ mi mọ́lẹ̀. Mummy Testimony rẹ́rìn-ín, ó ní kò sí irú ẹ̀ níbí. Mo ní ṣé mo lè wá lọ́jọ́ mìíràn láì sọ tẹ́lẹ̀. Ó ní rárá, pé ojú àjèjì máa ń da ọkàn àwọn ọmọ rú, kí òbí tó bá fẹ́ wá kọ́kọ́ pè. Ìyàwó wa ń mi orí sí gbogbo rẹ̀.

Ohun tí mo gbé sọ́kàn délé kì í ṣe ìlẹ̀kẹ̀, kì í sì í ṣe oorun. Láti ìgbà tí a wọlé títí a fi jáde, Daddy ni gbogbo wọn ń pè mí. Daddy, ẹ jókòó. Daddy, ẹ mu omi. Kò sí ẹnìkan tó bi mí bóyá èmi ni bàbá ọmọ. Ìfura loògùn àgbà, n kò sì tíì dàgbà, ṣùgbọ́n mo fura.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí wọ́n ń ṣíwọ́, mo wọ bùbá àti ṣòkòtò mi tó dára jù, mo padà lọ. Mo rò pé wọn yóò lé mi ni, mo fẹ́ kí wọ́n lé mi, kí ọkàn mi lè balẹ̀. Mo dúró lẹ́nu géètì, mo ní mo wá mú Bámi.

Aunty Clara kúnlẹ̀. Ó ní, "Ẹ káàsán sà. Ẹ̀yin ni uncle Bámi, àbí?" Kí n tó la ẹnu, ó ti wọlé lọ. O mọ̀ wá. A kì í kojú àgbàlagbà tó wọṣọ tó mọ́ kí a bi í pé ta ni yín. Ìwọ̀sí ni. Èèyàn á kúkú bá a méfò orúkọ oyè kan, á sì fi kí i. Ó fa Bámi jáde, wọ́n ti nu ojú rẹ̀, báàgì rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní, "Bámi, kí uncle." Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, ó sì fi ọwọ́ rẹ̀ sínú tèmi.

Mo kọjá géètì. Mo dé ojú títì, èmi àti ọmọ ọlọ́mọ, kò sẹ́ni tó pè mí padà. Ọ̀rẹ́ mi, mo ń wẹ̀yìn. Bí ìyá rẹ̀ bá yọ lọ́ọ̀ọ́kán ní ìṣẹ́jú yẹn, tó sì ké gbọ́mọgbọ́mọ, àlàyé wo ni n óò ṣe kí wọ́n tó fi táyà sí mi lọ́rùn? Ṣùgbọ́n ọmọ náà ni mo ń wò jù. Ó ń tẹ̀ lé mi, kò bèèrè nǹkan kan, torí pé wọ́n ti sọ fún un pé uncle ni mí.

Mo yí padà wọlé. Mo mú un dúró níwájú Mummy Testimony, mo ní, "Mummy, ta ni mí?"

Ó ní, "Ṣebí ẹ̀yin ni daddy tó wá lánàá."

"Daddy ta ni?"

Ó wo ọmọ náà, ó wò mí. Nígbà tó yé e tán ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé gbọ́mọgbọ́mọ ni mí, pé òun yóò pe ọlọ́pàá. Mo ní kó pè wọ́n. Kò pè wọ́n. Ó wá sọ ohùn rẹ̀ kalẹ̀, ó ní kí n jọ̀ọ́, kí ọ̀rọ̀ náà parí sáàárín wa. N kò gbà. Mo dúró síbẹ̀ títí ìyá Bámi fi dé, mo sì rò ó fún un bó ṣe rí. Ó kọ́kọ́ bú mi dáadáa. Lẹ́yìn náà ló wo Aunty Clara, ìyẹn sì tẹrí ba. Obìnrin náà gbé ọmọ rẹ̀ pọ̀n, bí ọmọ ṣe tóbi tó yẹn, ó sì jáde láì kí ẹnikẹ́ni.

Inú tó bí ìyàwó wa kò kéré. Ó ní mo ti dójú ti òun lójú ọ̀gá òun tó júwe ibẹ̀, pé iṣẹ́ ń bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, pé kò síbi tí òun fẹ́ gbé ọmọ sí. Ó ní, "Àbí kí n wá so Tiwa mọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ yín ni?" Mo ní kó so ó mọ́ ọn. Ó sunkún, ìyẹn dùn mí, ṣùgbọ́n n kò yí ẹnu padà. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀ ló bi mí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pé, "Wọn ò tiẹ̀ bi yín ní orúkọ?" Mo ní wọn ò bi mí. Kò tún dárúkọ Sangisa mọ́.

Ibòmíràn wà ní ẹ̀yìn Kétu níhìn-ín, ilé kékeré kan tí Aunty Labeebah ń bójú tó. Oníbàárà mi kan ló sọ fún mi. Mo ṣáájú ìyàwó wa débẹ̀. Aunty Labeebah yìí, ọmọbìnrin tí kò jù wá lọ, ó dúró sí inú géètì, kò kúnlẹ̀, kò bẹ̀rẹ̀. Ó ní, "Ta ni yín?" Mo ní èmi ni uncle ọmọ tó ń bọ̀. Ó ní, "Uncle wo? Ìyá ọmọ ńkọ́? Ẹ dúró síta, ẹ jọ̀ọ́." Ó ti géètì mọ́ mi lójú. Oòrùn ń pa mí, inú ń bí mi, síbẹ̀ ara mi ń balẹ̀.

Nígbà tí ìyàwó wa dé, Aunty Labeebah jẹ́ kí a wọlé, ó ní kí a jókòó sí kọ̀rọ̀ títí ó fi máa sú wa, kí a ṣáà má bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀. Ọmọ kan ń fọ ife, ọ̀kan ń gbálẹ̀, ọ̀kan ń fi ọ̀bẹ tí kò mú gé ọ̀gẹ̀dẹ̀. N kò lè pa á mọ́ra. Mo bi í bóyá ọmọ ọ̀dọ̀ ni wọ́n ń fi wọ́n ṣe. Ó ní, "Ẹ rẹ ohùn yín sílẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́." Ọmọ tó ń fọ ife da omi sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí mo ṣe rò. Kò sẹ́ni tó jágbe mọ́ ọn. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ mú àkísà wá láti orí pẹpẹ, tó nù ún. Mo rántí akèrègbè kékeré tí ìyá àgbà rẹ fún èmi àti ìwọ ká lè máa bá wọn lọ sódò. A fọ́ méjì kí a tó mọ̀ ọ́n gbé, kò sì sẹ́ni tó pe ìyẹn ní ẹ̀kọ́ òyìnbó.

Obìnrin náà kò pọ́n ara rẹ̀ lé. Ó ní orúkọ Mọ́ńtẹsórì yẹn, kò sẹ́ni tó ni ín, ẹni tó bá wù ló lè kọ ọ́, nítorí náà kí òbí máa bèèrè ibi tí olùkọ́ ti kọ́ṣẹ́, ọmọ mélòó ni yóò wà lọ́wọ́ ẹnìkan, kí ó sì jókòó wò ó bóyá àwọn ọmọ ń fọwọ́ kan ohun tó wà lórí pẹpẹ. Ó ní ọ̀kan nínú àwọn tó ń bá òun ṣiṣẹ́ ṣì ń kọ́ ọ lọ́wọ́. Pẹpẹ tirẹ̀ ti họ, ìdérí ìgò ló fi ń kọ́ wọn ní òǹkà.

Má rò pé mo ti gbà tán o. N kò rí ọ̀já kankan níbẹ̀, ó ní àwọn kì í pọn ọmọ tó ti lè rìn. Ọmọ tí àárò ìyá rẹ̀ bá ń sọ ńkọ́? Ìkọ́ géètì náà wálẹ̀ jù, ọwọ́ ọmọ lè tó o. Mo sọ fún un, ó ní àwọn yóò gbé e sókè. N óò padà lọ wò ó, n kò sì ní pè é tẹ́lẹ̀.

Tiwa bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, iṣẹ́ dá ìyàwó wa dúró, ó ní kí n bá òun mú ọmọ. Mo débẹ̀, Aunty Labeebah rí mi, ó sì mọ̀ mí. Ó ní, "Mo mọ̀ yín, Bọ̀dá Muideen, ṣùgbọ́n òbí ọmọ kò tíì fi yín hàn mí pé ẹ lè mú un lọ." Mo ní kó pe ìyá ọmọ. Ó pè é, ìyàwó wa sì sọ̀rọ̀. Aunty Labeebah ní ohùn orí fóònù kò tó òun. Tiwa ti rí mi nígbà yẹn, ó na ọwọ́, ó ń pè mí, ó ń sunkún. Inú bí mi, mo gbá géètì, mo sọ ọ̀rọ̀ tí n kò lè kọ síbí. Aunty Labeebah gbé Tiwa sórí itan, ó jókòó síbi tí ọmọ ti lè máa rí mi, mo sì jókòó sórí búlọ́ọ̀kù níta títí ìyàwó wa fi sáré dé. Ó rí mi, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Bọ̀dá Muideen, ilé tí wọn kò ní fi ọmọ fún yín lẹ ń wá. Ẹ ti rí i."

Ìyàwó wa ti fi mí hàn án lójúkojú báyìí. Ó ku ìwọ. Obìnrin náà ní òun ti rí ìyá ọmọ lójú, òun fẹ́ gbọ́ láti ẹnu bàbá náà, bó tiẹ̀ jẹ́ lórí fóònù, torí ọ̀nà rẹ jìn. Pè é, ìyàwó rẹ yóò fún ọ ní nọ́ńbà. Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe nìyí: sọ pé ìwọ ni bàbá Tiwa, kí wọ́n máa fi ọmọ fún Muideen, kí o sì dákẹ́. Bó bá gbà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, sọ fún mi. Ọjọ́ náà gan-an ni n óò lọ mú ọmọ rẹ kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá bi ọ́ pé ta ni yín, má bínú. Dá a lóhùn.

Bá mi kí àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́, kí o sì kí ọ̀gá yín tó fún wa ní ẹja nígbà tí mo wá. Ìyàwó wa àti Tiwa ń kí ọ.

Tìrẹ ni mí, lójú rẹ àti lẹ́yìn rẹ,

Muideen.