Ìyá Mẹ́ta Nínú Kọ̀ǹpútà

Lọ́ńdọ̀nù, 1995

Ìyá mi,

Ẹ kú ọ̀gbẹlẹ̀ Ìlọrà o. Òtútù ibí kò tilẹ̀ pọ̀. Kóòtù méjì péré ni mò ń wọ̀ sùn.

Ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà náà dùn. Wọ́n ń kọ́ wa bí a ṣe ń júwe òbí fún kọ̀ǹpútà, tí ọmọ yóò fi jogún ìwà òbí náà láìjẹ́ pé a tún un kọ. Tíṣà ní kí kálukú fi ẹbí tirẹ̀ ṣe ìdánwò. Mo kọ ìyá mẹ́ta: màmá mi olóògbé, Ìyá Ṣùkúrù ìyàwó kékeré Bàbá, àti ẹ̀yin ìyálé tí ẹ tọ́ mi. Tíṣà ní ìyá kan ni ọmọ ń ní, kí n yọ àwọn tí kò bí mi kúrò. N kò yọ ẹnì kankan.

Hàwáù àbúrò mi, má ka ibí yìí sí wọn létí: mo fìdí rẹmi. N óò tún kíláàsì náà ṣe.

Ìyá mi, tíṣà ti gbà fún mi, inú rẹ̀ dùn gan-an. Ẹ bá mi kí Ìyá Ṣùkúrù. Bí ẹ bá ń kọjá níbi sàréè màmá mi lọ sóko, ẹ bá mi sọ fún wọn pé ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣì wà nínú kọ̀ǹpútà náà.

Èmi ọmọ yín,
Mùtàlíbù