Súùn Wo Ni Súùn Tìrẹ?

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Báwo ni ara o, báwo ni iṣẹ́, báwo ni àwọn tí ẹ jọ ń gbé ilé? Àwa náà wà láàyè, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, àyàfi orúnkún mi tó ń bá mi jà nígbàkúùgbà tí mo bá bẹ̀rẹ̀ láti wọn pákó. Ìyá rẹ kí ọ, kíkí rẹ̀ sì ju ohun tí ìwé yìí lè gbà lọ. Ilé kò burú, òrùlé tó ń jò náà kò jò mọ́ láti ìgbà tí òjò ti dáwọ́ dúró.

Ohun tó jẹ́ kí n mú bírò ni ọ̀rọ̀ tí o tẹ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Nígbà tó kọ́kọ́ dún, mo rò pé ara rẹ̀ ni kò yá, mo gbé e sínú oòrùn fúngbà díẹ̀. Nígbà tí kò dáhùn, mo gbé e lọ bá ọmọbìnrin tó ń ta káàdì fóònù ní ìkòríta, ó kà á fún mi, ó ní o kí wa, o sì ní ò ń bọ̀ wálé súùn. Mo ní kí ni súùn? Ó ní láìpẹ́ ni. Mo ní báwo ni àìpẹ́ náà ṣe gùn tó? Ẹ̀rín ló fi dá mi lóhùn. Ọmọ mi, káfíńtà ni mí, ohun tí mi ò bá lè fi tépù wọ̀n máa ń kó ìdààmú bá mi.

Ó ṣàánú mi, ó tẹ ọ̀rọ̀ náà sínú fóònù tirẹ̀, ni fóònù bá bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ìbátan rẹ̀ jáde, ṣọ́tìlì, pírẹ́séntìlì, bìfọ́ lọ́ńgì, àti àwọn mìíràn tí ahọ́n mi kọ̀. Mo ní èwo ló tètè dé jù nínú wọn? Ó ní ìtumọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ní. Kí ni wọ́n wá ń fi gbogbo wọn ṣe? Èmi ò lè ra irinṣẹ́ mẹ́rin fún iṣẹ́ kan ṣoṣo. Mo ní kó bá mi pe tíṣà tó wà nínú fóònù náà kó wá ṣàlàyé fúnra rẹ̀, ó ní kò sí tíṣà níbẹ̀. Ta ló wá ń dáhùn? Wọ́n ní ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, èmi béèrè, mo tún sọnù sí i.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń gbọ́ súùn káàkiri. Mo lọ sí báńkì láti wò ó bóyá owó mi wà lálàáfíà, obìnrin tó wà lẹ́yìn gíláàsì ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ, pé yóò dé súùn. Mo jókòó, mo ń wo ẹnu ọ̀nà kí n lè dìde kí i tó bá wọlé. Agbálẹ̀ ló wọlé, ó gbá abẹ́ ẹsẹ̀ mi, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn. Dẹ́rẹ́bà tí mo bá padà wálé náà ní a ó gbéra súùn, àṣé ìgbà tí ọkọ̀ bá kún ni.

Nọ́ọ̀sì tuntun tí wọ́n gbé wá sí ilé ìwòsàn wa nìkan ni tirẹ̀ yàtọ̀. Ó fẹ́ gún orúnkún mi lábẹ́rẹ́, ó ní yóò parí súùn, kí n tó ṣẹ́jú ó ti yọ ọ́. Mo ní ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rèé. Inú mi dùn débi pé nígbà tó béèrè yàrá tí òun lè gbà, mo ní tìrẹ ṣófo. Ó ní òun ń kó ẹrù bọ̀ súùn. Mi ò tíì bọ́ bàtà tí òun àti bẹ́ẹ̀dì àti fáànù rẹ̀ fi dé.

Ni ìyá rẹ bá gbé àpótí sí ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ, ó jókòó lé e. Ó ní ọmọ òun ń bọ̀ súùn. Nọ́ọ̀sì ní súùn náà ni òun sọ. Èmi dúró láàárín súùn méjì, mi ò mọ èyí tí n ó ṣílẹ̀kùn fún. Mo rán ìyá rẹ létí pé lọ́jọ́ tí o ń lọ, "mò ń bọ̀" lo sọ fún wa, ẹsẹ̀ rẹ sì ti wà nínú ọkọ̀. Ó ní bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Mo ní baba ni akólòlò ń pè, kì í ṣe ìyá. Ó fa àpótí rẹ̀ sún mọ́ ilẹ̀kùn sí i.

Títí di ìsinsìnyí, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ọmọ ọlọ́mọ ń sùn, ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ la ń gbà kọjá lọ wẹ̀. Ó ń kí ìyá rẹ láràárọ̀, ìyá rẹ ń dá a lóhùn láti orí àpótí. Lánàá mo rí ìyá rẹ tó wọ yàrá rẹ lọ, ó tẹ́ aṣọ ibùsùn rẹ tí kò sẹ́ni tó sùn lé lórí, ó jáde, ó tún ti ilẹ̀kùn. Ó dùn mí, ọmọ mi.

Nítorí náà jọ̀ọ́, súùn wo ni súùn tìrẹ? Ṣé ti nọ́ọ̀sì ni àbí ti báńkì? Má fi ṣọ́tìlì dá mi lóhùn. Mú ọjọ́ kan fún mi, ì báà jìnnà, mo lè wọn ohun tó jìnnà. Kí o sì fi owó pákó díẹ̀ ránṣẹ́, kí n lè dá apá kan ọ̀dẹ̀dẹ̀ sọ́tọ̀ fún nọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n má jẹ́ kó gba báńkì kọjá, fi rán ẹni tó ní ẹsẹ̀.

Tí kò bá wá sí ọjọ́ kankan, kọ ọ́ sí èmi nìkan, kí o sì kọ ọ́ ní Yorùbá. Ìyá rẹ yóò bi mí ohun tí o wí. Màá wò ó lójú, màá ní o ní súùn.

Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ ọ, ọ̀nà rẹ kò ní dí, ohunkóhun tí o bá sì tọrọ lọ́wọ́ Rẹ̀, kò ní fi súùn dá ọ lóhùn. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Káfíńtà.