Mo Ti Sọ Pé Owó Bàtà Mẹ́wàá Ni

Àkọ́bí mi,

Ìyá rẹ kú ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó di oṣù mẹ́sàn-án báyìí. Mo mọ̀ pé o mọ̀, ìwọ lo pa ojú rẹ̀ dé. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ ti bẹ̀rẹ̀, n kò sì mọ ibòmíràn tí mo lè ti mú un.

Tíṣà tó ń gbé lókè ilé wa ló ń bá mi kọ ọ́. Ó ní kí n kọ́kọ́ kí ọ. Mo kí ọ. Ṣé ara le? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dun ọkọ rẹ ti fi í lọ́rùn sílẹ̀? Ṣé iṣẹ́ fèrèsé tí ẹ ń ṣe níbẹ̀ ń lọ déédéé, ṣé gíláàsì kò gé yín lọ́wọ́? Kí ara àwọn ọmọ ó le, kí ìwọ náà má ṣàìsàn. Èmi kò ṣàìsàn. Mò ń jẹun, mo ṣì lè fi okùn bọ ojú abẹ́rẹ́ láìwọ awò. Oorun nìkan ni kò wá mọ́, ìdí rẹ̀ ni mo sì fi ń kọ̀wé. Àbúrò rẹ ní kí n pè ọ́ lórí fóònù. Mo ní rárá. Fóònù máa ń jẹ́ kí èmi àti ìwọ tètè bínú.

Àbúrò rẹ ti kó ọjà rẹ̀ wá sí iwájú ṣọ́ọ̀bù, sí ẹ̀yìn kántà tí ìyá rẹ máa ń jókòó sí. Ó ń tún fóònù ṣe, ó ń ta ṣájà, ó ń ta géèmù. N kò bá a jà. Ibi tó bá ṣófo, eruku ló ń gbà á. Èmi wà lẹ́yìn pẹ̀lú awọ àti gọ́ọ̀mù mi, aṣọ ìkélé àtijọ́ yẹn ṣì wà láàárín, kò sì sí ohun tí wọ́n sọ níwájú tí n kì í gbọ́.

Ohun tí wọ́n ti ń sọ láti bí oṣù méjì ni ẹ̀rọ géèmù tuntun kan. Wọ́n ní gígùn rẹ̀ tó bàtà àgbàlagbà, pé ọwọ́ méjèèjì ni ènìyàn ń fi dì í mú bí ẹni tó gbé àwo omi gbígbóná. Èmi kò rí i. Àbúrò rẹ kò rí i. Àwòrán rẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ tó ṣe é gbé jáde, wọ́n ka gbogbo ohun tó lè ṣe sílẹ̀ bí ẹni ń ki ọmọ ọba, wọ́n wá gbé iye rẹ̀ mì. Wọ́n ní ó di ọjọ́ Ẹtì yìí kí àwọn tó sọ ọ́.

Bí ọjà bá wà tí kò ní iye, gbogbo ẹnu á di ẹnu ọlọ́jà. Owó bàtà ni èmi fi ń ṣírò rẹ̀, nítorí n kò kàwé, gbogbo àdúgbò sì ti kọ́ ọ lára mi. Bí wọ́n bá pe iye kan, mo máa ń wò ó pé bàtà mélòó ni mo máa rán kó tó pé. Onígbàjámọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ní kò lè ju owó bàtà mẹ́wàá lọ. Ọkùnrin tó ń pín lẹ́tà ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Tíṣà yìí gan-an ní ogún. Ó ní òun kò sọ ogún, òun sọ méjìdínlógún. Ó dáa, méjìdínlógún. Lọ́jọ́ kan onígbàjámọ̀ fi orí oníbàárà sílẹ̀ ní ààbọ̀, ó wá ń jiyàn níwájú kántà wa. Oníbàárà náà dúró títí, ó sú u, ó tẹ̀lé e wá pẹ̀lú aṣọ lọ́rùn. Mo rò pé ó wá bínú ni. Ó ní owó bàtà méjìlá ni.

O mọ bí a ṣe ń ṣe é nígbà ayé ìyá rẹ. Ẹni tó bá fẹ́ rán bàtà á dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ níwájú, òun á ké sí mi láti ibi aṣọ ìkélé pé, "Baálé, èélòó?" Èmi á sọ iye láti ẹ̀yìn láìgbé orí sókè. Ó tán nìyẹn. Kí awọ wọ́n, kí ó pọ̀, iye tí mo bá sọ kì í lọ sókè, kì í wá sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí gbogbo àdúgbò fi ń pè mí ní Bàbá Ẹnu-Kan. Mo fẹ́ràn orúkọ náà ju èyí tí wọ́n sọ mí lọ.

Ní ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, àbúrò rẹ jáde lọ ra gíláàsì fóònù. Àárọ̀ ọjọ́ náà, onígbàjámọ̀ ti pariwo owó bàtà mẹ́wàá rẹ̀ títí ó fi wọ̀ mí lórí. Mo ń gún awọ lọ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́ ohùn obìnrin láti iwájú: "Bàbá, èélòó ni ẹ̀rọ géèmù tuntun yẹn?" Láti ọjọ́ tí ìyá rẹ ti lọ, kò tíì sí ohùn obìnrin kan tó bi mí léèélòó láti ibẹ̀ yẹn. Ẹnu mi ló dáhùn, kì í ṣe èmi. Mo ní, "Owó bàtà mẹ́wàá."

Nígbà tí mo ṣí aṣọ, nọ́ọ̀sì ni, èyí tó máa ń yí ìyá rẹ padà lórí ibùsùn ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn. Kì í ṣe ọmọ ló fẹ́ rà á fún o, ara rẹ̀ ni. Ó ní bí òun bá ti bá wọn gbé òkú jáde ní wọ́ọ̀dù, ìṣẹ́jú mẹ́wàá géèmù ló ń jẹ́ kí òun lè padà wọlé sọ́dọ̀ àwọn tó kù. Ó ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá. Ẹnu yín ni mo gbà." Ó lọ. Mo ronú pé kí n pè é padà. N kò pè é. Inú mi dùn pé wọ́n tún ti gba ẹnu mi.

Lọ́jọ́ kejì, ènìyàn mọ́kànlá dé láti ilé ìwòsàn náà, nọ́ọ̀sì, agbálẹ̀, títí kan ẹni tó ń ṣọ́ ẹnubodè. Wọ́n ní Bàbá ti sọ iye. Àbúrò rẹ kọjú sí aṣọ ìkélé, ó ní, "Bàbá, ṣé òótọ́ ni?" Mo ní òótọ́ ni. Kí ni ǹ bá sọ? Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó jókòó. Kò pariwo, ìyẹn ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù. Ó ní, "Bàbá, ẹ ti dá iye lé ohun tí àwọn tó bí i kò tíì dá iye lé."

Wọ́n ti di mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n báyìí. Kò sẹ́ni tó san nǹkan kan sílẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu mi nìkan ni wọ́n mú lọ. Ǹ bá fẹ́ kí wọ́n san owó, owó ṣeé dá padà. Nọ́ọ̀sì ti ta èyí tó ń lò tẹ́lẹ̀ nítorí pé mo sọ̀rọ̀. Ẹni tó ń kó ọjà fún àbúrò rẹ sì ti fi yé e pé kò lè dín ní owó bàtà mẹ́rìndínlógún. Bàtà mẹ́fà ló fi lé lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Tíṣà ti bá mi ṣírò rẹ̀: bàtà mẹ́rìndínlọ́gọ́jọ. Mẹ́ta ni mò ń rán lọ́sẹ̀. Ọdún kan gbáko nìyẹn, láìjẹ èrè, bí n kò bá kú.

Àbúrò rẹ ní kí a sọ fún wọn pé Bàbá ti darúgbó, pé wọn kò gbọ́ ìbéèrè yékéyéké. Mo ní mo gbọ́ ọ. Mo ní bó bá sọ pé orí mi ti dàrú, màá jáde síwájú, màá sì já a nírọ́ lójú gbogbo wọn. Ó ní, "Kí ẹ̀yin náà wá ọ̀nà àbáyọ nígbà náà, Bàbá Ẹnu-Kan." Ó fi orúkọ náà bú mi ni. Mo jẹ́ kó lọ. Ọjà rẹ̀ ni mo fi ẹnu bàjẹ́.

Láti ìgbà náà, bí ẹsẹ̀ bá ti dún níwájú, màá dá abẹ́rẹ́ dúró, màá na etí. Iye náà ń gòkè lójoojúmọ́ lẹ́nu àwọn ènìyàn. Onígbàjámọ̀ tó ti mẹ́wàá bọ̀ mí lẹ́nu ti wà ní mẹ́rìnlá, ojú kò tì í. Mo ti gún ara mi ní ìka lẹ́ẹ̀mejì, èmi tí abẹ́rẹ́ kò gún láti ìgbà tí mo ti kúrò lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́. Èmi tí n kò mọ ohun tí géèmù ń jẹ́, mo ti ń dá ọkùnrin tó ń pín lẹ́tà dúró lójú ọ̀nà, mo ń bi í pé kí ló gbọ́.

Mo wá lọ bá ọkùnrin tó ń ta awọ, bóyá ó lè dín owó awọ fún mi kí n lè máa rán márùn-ún lọ́sẹ̀. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti dé ibẹ̀ kẹ́yìn, ìyá rẹ ló máa ń lọ. Ó rí mi, ó rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní, "Ìwọ ọkùnrin yìí, ṣé o rò pé ẹnu rẹ ló ń dúró ni? Ìyàwó rẹ ló ń rìn." Ó ní bí mo bá ti sọ iye tán lẹ́yìn aṣọ ìkélé, kò ní pẹ́ tí ìyá rẹ á fi dé, á ní, "Ọkọ mi ti sọ̀rọ̀. Ẹ bá mi wá awọ tó bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ mu." Ó ní nígbà mìíràn, òun á kọ̀, ìyá rẹ á sì bá òun to awọ láti ọ̀sán títí dìrọ̀lẹ́ kí òun lè gbà. Ó ní ìyá rẹ máa ń lọ sí ilé àwọn tó wá rán bàtà pẹ̀lú, á bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi díẹ̀ lé e, kí wọ́n má sì jẹ́ kí n gbọ́. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Mo jókòó sórí awọ rẹ̀.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, o sọ pé n kò mọ iṣẹ́ tí ìyá rẹ ń ṣe ní ṣọ́ọ̀bù yẹn. Mo ní kí o máa lọ sílé ọkọ rẹ. O lọ, o kò sì padà wá. O tọ̀nà. Tíṣà fẹ́ fi ọ̀rọ̀ dídùn yí i ká, mo ní kó yọ ọ́. O tọ̀nà, mo ṣe àṣìṣe. Bẹ́ẹ̀ ni kó wà.

Mo gbìyànjú láti lọ bá nọ́ọ̀sì fúnra mi. Mo jókòó lórí bẹ́ǹṣì ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn, mo ń tún ọ̀rọ̀ náà sọ lábẹ́ ahọ́n. Ó jáde, ó di ọwọ́ mi mú, ó sọ fún èkejì rẹ̀ pé, "Àwọn nìyí. Ìyàwó wọn sọ fún mi kí wọ́n tó lọ pé bí ọkọ òun bá ti sọ̀rọ̀, kí n lọ sùn." Mo kí i kú iṣẹ́, mo sì padà sílé.

Nítorí náà, mo gbé ọ̀rọ̀ yìí lé ọ lọ́wọ́. Ìwọ lo jókòó ti ìyá rẹ nídìí kántà fún ọdún mọ́kànlá, ohun tó ń ṣe ṣojú rẹ. Wá. Bí o bá ní kí n dúró lórí owó bàtà mẹ́wàá, màá rán bàtà, n kò ní ráhùn. Bí o bá ní kí n lọ bẹ̀ wọ́n láti ilé dé ilé, màá lọ. Kí o ṣáà bá mi dé ilé àkọ́kọ́, kí n gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Má ṣe bi mí kí o tó pinnu. Iye tí o bá pè ni iye, bí o bá sì rí i pé ó yẹ kó yí padà, yí i padà.

Kí ọ̀nà rẹ dán. Kí ọkọ̀ tó máa gbé ọ má yọnu. Kí àwọn ọmọ rẹ máa gbọ́ràn sí ọ lẹ́nu, kí o má sì rí ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ tí o fúnra rẹ sọ máa di ẹrù tí apá rẹ kò ká. Ọlọ́run á ṣọ́ gbogbo yín.

Èmi ni bàbá rẹ, tó lé ọ tó tún ń pè ọ́.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan: kí n tó pa lẹ́tà dé ni onígbàjámọ̀ sáré wọlé. Ilé-iṣẹ́ náà ti mú ọjọ́ náà yá, ọ̀la ni wọ́n máa sọ iye, kì í ṣe ọjọ́ Ẹtì mọ́. Awakọ̀ tó ń kó gíláàsì yín ló máa mú lẹ́tà yìí dé lálẹ́ òní, ó sì ní àyè ìjókòó kan nígbà tó bá ń padà bọ̀ láàárọ̀. Mo ti gbà á sílẹ̀ fún ọ. Mo ti sọ fún àbúrò rẹ pé ẹnikẹ́ni tó bá dé ọ̀la tó béèrè èélòó, kó fún un ní àga, kó ní àkọ́bí ń bọ̀.