Ìdajì Orúkọ Course Mi Ni Mo Sọ fún Màmá

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin èèyàn mi, admin, ẹ má fi orúkọ mi síta o. Mo ti ń tan ìyá tó bí ìyá mi jẹ láti bí oṣù mélòó kan, ọ̀rọ̀ náà sì ti dé ibi tí mi ò mọ̀ bóyá wọ́n ti mọ̀... àbí wọn ò mọ̀. Ọkàn mi ò balẹ̀ rárá. Ẹ bá mi dá sí i kó tó di Sunday.

Ọ̀dọ̀ wọn ni mo dàgbà sí ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, Màmá ni mo ń pè wọ́n. Deaconess ni wọ́n nínú ìjọ Onítẹ̀bọmi wa. Lẹ́yìn tí mo jáde sẹ́kọ́ńdírì, mo ń bá ọ̀gá kan tó ń ra kaṣú ṣiṣẹ́, àwọn ará òkè òkun ló ń tà á fún. Ìgbà kan wọ́n ní kaṣú rẹ̀ ti bu, wọn ò gbà á, ọ̀gá mi ní irọ́ ni, òun máa pè wọ́n lẹ́jọ́, àṣé wọ́n ti kọ ọ́ sínú àdéhùn tó fọwọ́ sí pé London ni wọ́n á ti gbọ́ ẹjọ́ yòówù tó bá ṣẹlẹ̀! Ọkùnrin yẹn kàn jókòó sórí àpò kaṣú. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ ohun tí mo fẹ́ fi ayé mi ṣe. Òfin òwò láàárín orílẹ̀-èdè kan sí èkejì, kí wọ́n má tún rẹ́ irú wa jẹ mọ́.

Mo bi lọ́yà obìnrin tó wá bá ọ̀gá mi dá sí i, pé kí ló yẹ kí n kà. Wọ́n ní kí n ka Law, àmọ́ tí mo bá lè ka Common and Islamic Law, kí n má kọ̀ ọ́, torí àwọn ará Dubai àti Malaysia ní bí wọ́n ṣe ń ṣàdéhùn òwò láìgba èlé, lọ́yà tó sì mọ̀ ọ́n ò pọ̀ nílẹ̀ wa. Ọwọ́ ara mi ni mo fi yàn án, wọ́n sì gbà mí. Nígbà tí Màmá bi mí pé kí ni mo fẹ́ kà, mo ní Law. Wọ́n pariwo Halelúyà débi pé ará ilé kejì yọjú. Báwo ni mo ṣe fẹ́ wá sọ ìyókù? Mo ń sọ fún ara mi pé mi ò purọ́, mo kàn gé e kúrú ni... ẹ ò rí i pé irọ́ náà ni?

Course náà máa gba Lárúbáwá, mi ò sì mọ lẹ́tà rẹ̀ kan ṣoṣo, mo wá ń lọ kọ́ ọ ní gbogbo Saturday lọ́dọ̀ alfa àgbà kan ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, nínú ìlú Ọ̀yọ́. Mi ò lè kọ́ ọ ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, kí n tó délé, ẹgbẹ́ ìyá ìjọ á ti gbọ́. Ìyàwó alfa fún mi ní híjáàbù aláwọ̀ ewé kan kí n má baà dá yàtọ̀ láàárín àwọn ọmọ kéwú. Ẹnikẹ́ni ò ní kí n yí ẹ̀sìn padà o, Jésù tí mo mọ̀ náà ni mo ṣì mọ̀. Màmá rò pé lesson lásán ni mò ń lọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo gbàgbé híjáàbù yẹn sínú báàgì nílé, mo lọ síbi iṣẹ́. Nígbà tí mo dé, ó wà lórí okùn lẹ́yìnkùlé, láàárín àwọn yẹ̀rì Màmá. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó ti padà sínú báàgì, wọ́n ti fi áyọ́ọ̀nù eléèédú wọn sí i, wọ́n ká a bí wọ́n ṣe ń ká aṣọ orí tábìlì oúnjẹ Olúwa. Wọn ò bi mí ní nǹkan kan. Wọ́n ní kí n wá jẹun.

Ẹ lè ní ṣebí ó dáa nìyẹn. Ẹ dúró ná. Àbúrò ìyá mi obìnrin fẹ́ Mùsùlùmí. Màmá ò bá a jà, wọn ò pariwo. Wọ́n fọ gbogbo aṣọ rẹ̀, wọ́n fi áyọ́ọ̀nù sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n tò ó sínú àpótí fún un, wọ́n gbàdúrà fún un... wọn ò sì tẹsẹ̀ wọ ilé rẹ̀ títí dòní. Sábó níbí ló wà o, kò jìnnà! Àwọn ọmọ rẹ̀ ò mọ Màmá.

Ṣé ẹ ti wá rí ohun tó ń dẹ́rù bà mí? Ṣé ìbùkún ni àbí ó dìgbóṣe? Ṣé wọ́n rò pé mo ti gba ẹ̀sìn? Tẹ́lẹ̀, “lọ́yà mi” ni wọ́n ń pè mí láàárọ̀ lálẹ́. Láti ọjọ́ yẹn, orúkọ mi lásán ni.

Sunday tó ń bọ̀, pásítọ̀ máa pe gbogbo àwa tá a wọ yunifásítì síwájú, oníkálukú á fẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó fẹ́ kà, òbí rẹ̀ á dúró tì í. Màmá ló máa dúró tì mí. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n fi course yẹn sílẹ̀, kí n tún ìdánwò ṣe lọ́dún tó ń bọ̀, kí n mú Law lásán, tàbí kí n lọ ka International Relations. Àmọ́ èyí ni mo fẹ́! Ṣé kí n gba ìmọ̀ràn ọ̀rẹ́ mi? Ṣé kí n jẹ́wọ́ fún Màmá nílé kó tó di Sunday, àbí kí n dúró títí wọ́n á fi bi mí? Tí wọn ò bá wá bi mí láéláé ńkọ́?

Láàárọ̀ yìí wọ́n ní kí n kó àwọn aṣọ mi wá, àwọn fẹ́ fọ̀ ọ́. Mo ní wọ́n mọ́, Màmá. Wọ́n ní kí n kó gbogbo rẹ̀ wá, èyí tó mọ́ náà. Bóyá torí pé mò ń lọ sílé ìwé ni... mi ò mọ̀. Wọ́n ti ń finá sí eédú báyìí. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?