Bàbá Hanifah, Dáàmù Ti Kún

Ọdún márùn-ún rèé tí ẹ lọ, Àbúbákr ọkọ mi! Ọdún márùn-ún, ẹ̀rín yín ṣì ń dún létí mi nínú ilé wa ní Ifọ̀ bí ẹni pé yàrá kejì lẹ wà.

Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé iyọ̀ lè ran òjò lọ́wọ́. Iṣẹ́ yín lókè Ọya nìyẹn: kí ẹ wọ bààlúù kékeré, kí ẹ fọ́n iyọ̀ sínú ìkùukùu tó ṣú, kí òjò lè rọ̀ sí dáàmù tí gbogbo agbègbè ọ̀hún ń mu. Àwọn ará àdúgbò ní ẹ fẹ́ gba iṣẹ́ Ọlọ́run ṣe. Ẹ máa ń rẹ́rìn-ín, ẹ ó ní, "Ìkùukùu tí kò lóyún, ta ló fẹ́ gbẹ̀bí rẹ̀? Ọlọ́run ló ń fún un lóyún. Agbẹ̀bí lásán ni wá."

Lọ́jọ́ tí ẹ lọ, òjò tí ẹ wá lọ rọ̀. Ó rọ̀ gan-an! Ṣùgbọ́n ìjì jà, bààlúù yín já lulẹ̀. Wọ́n gbé yín wá sí Ifọ̀, a sin yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá yín. Mo rò pé ọ̀rọ̀ òjò ti tán nílé wa nìyẹn.

Kò tán o!

Hanifah, àkọ́bí yín, parí yunifásítì, ó ní iṣẹ́ bàbá òun lòun máa ṣe. Ẹ̀gbọ́n yín, Bàbá Ṣàmsúdéènì, fárígá. Wọ́n ní, "Iṣẹ́ tó pa bàbá rẹ? Kò ní ṣẹlẹ̀ lójú mi!" Ọmọ yín kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá àgbà, òùngbẹ ṣì ń gbẹ àwọn tí bàbá mi kú nítorí wọn. Ẹ súre fún mi." Wọn ò súre. Èmi súre. Mo gbé ọwọ́ lé e lórí, mo ní kó máa lọ.

Lọ́dún yìí, ọ̀dá dá lókè Ọya. Dáàmù yẹn, dáàmù tiyín, fà débi pé màlúù ń rìn la àárín rẹ̀ kọjá. Omi ẹ̀rọ dá láwọn ìlú tó yí i ká. Hanifah àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ń retí ìkùukùu. Ó ń ṣú, ó ń tú ká. Àwọn kan ti ń palẹ̀ ẹrù mọ́ nígbà tí ojú ọ̀run ṣú lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀. Ọ̀gá wọn ń ṣiyèméjì nítorí afẹ́fẹ́. Ọmọ yín ní kí wọ́n gba ẹ̀yìn ìkùukùu náà, níbi tí afẹ́fẹ́ ti rọlẹ̀. Wọ́n gbéra. Wọ́n sun iyọ̀, wọ́n tú èéfín rẹ̀ sí i nínú. Kí wọ́n tó balẹ̀, òjò ti dé!

Kì í ṣe gbogbo ìgbà tí wọ́n fò ló rọ̀ o. Ẹ̀yin náà ò ní purọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n dáàmù ti kún! Omi ti ń yọ lẹ́nu ẹ̀rọ! Hanifah pè mí lórí fóònù, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín: "Màámi, ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún lórí páànù!" Mo gbọ́ ọ, ọkọ mi. Mo gbọ́ ọ!

Ilé tuntun tí ẹ ń kọ́ lọ́wọ́, tí ẹ fi sílẹ̀ láìlórùlé, a ti parí rẹ̀. Mobọ́lájí, àbíkẹ́yìn yín, ṣe ọ̀nà omi sí gbogbo etí òrùlé, torí ẹ máa ń sọ pé ẹni tí òjò ń rọ̀ fún kò gbọdọ̀ fi í ṣòfò. Ìyẹn ti di iṣẹ́ rẹ̀! Láti Ìbafọ̀ dé Mowé, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Èkó kó dé ń pè é kó wá so táǹkì omi òjò mọ́lé fún wọn. Lẹ́ẹ̀rùn tó kọjá, ọ̀dọ̀ wa ni gbogbo àdúgbò ti ń pọnmi.

Lánàá, a ṣe àdúà fún yín. Hanifah wá. Kí àlùfáà tó bẹ̀rẹ̀, ẹ̀gbọ́n yín súnmọ́ sàréè, wọ́n di ọmọ yín lọ́wọ́ mú, wọ́n ké: "Àbúbákr! Ọmọ rẹ fò, omi dé, ó sì padà sílé! Mo súre fún un lónìí!" Àmín tí a ṣe, wọ́n á gbọ́ ọ dé Àgbàdo.

Ayọ̀ yìí pọ̀, mo sì ń wá ẹni tí mo máa ròyìn rẹ̀ fún. Ẹ̀yin náà ni mo ń wá. Àárò yín ń sọ wá, Bàbá Hanifah. A fẹ́ràn yín lónìí ju ti àná lọ. Kí Ọlọ́run tẹ́ ibi tútù fún yín ní Alùjánnà.

Wúlẹ̀mọ̀tù ìyàwó yín, pẹ̀lú Hanifah àti Mobọ́lájí. Ifọ̀, 2008.