Àwọn Tó Mọ́ Nìkan Ni Mo Já

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ má bínú pé èmi ọmọdé gbójúgbóyà kọ̀wé sí yín.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì ní Torino, ní ilẹ̀ Ítálì. Wọ́n ń kọ́ wa láti já díẹ̀ lára òdòdó igbó, irú tí wọ́n ń fà bíi sìgá ṣùgbọ́n tí òfin ibẹ̀ gbà láyè, kí wọ́n lè yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó tà á. Nínú oko kan l'Asti, wọ́n ní kí n já káàkiri, ì báà dára, ì báà bàjẹ́. Ṣùgbọ́n nílé wa, a kì í gbé èyí tó bàjẹ́ fún àgbà. Mo fo gbogbo àwọn tó ti bu. Olùkọ́ mi ní, “Brava! Ó mà mọ́ o!” Oko náà sì yege nínú àyẹ̀wò náà.

Bí mo bá jẹ́wọ́, wọ́n lè lé mi. Bí mo bá dákẹ́, ẹni tó rà á lè ṣàìsàn. Ẹ̀yin àgbà, kí ni kí n ṣe? Ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá kà á tán, ẹ bá mi fi lẹ́tà yìí pamọ́.