Number Ìyá Àdúrà Ni Mo Ń Kọ Sílẹ̀ Fún Wọn

Èmi ni mo ṣe é. Kì í ṣe àjẹ́, kì í ṣe ọ̀tá ilé, kì í ṣe ìyá arúgbó kankan... èmi yìí náà ni, pẹ̀lú bírò lọ́wọ́ mi. Admin, ẹ bá mi fi orúkọ mi pamọ́ o, torí ọ̀pọ̀ èèyàn àdúgbò wa ní Okokomaiko ló wà lórí page yìí, wọ́n kàn ń ṣe bíi pé àwọn ò sí níbẹ̀ ni. Ẹ ka ọ̀rọ̀ mi dópin kí ẹ tó bú mi. Ẹ máa bú mi ṣá, mo mọ̀, àmọ́ ẹ kà á tán ná.

Business centre kékeré ni mo ní lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì yunifásítì ní Ojo. Typing, photocopy, ká bá àwọn ọmọ school fill form. Mo kọ number mi gàdàgbà sára signboard, ẹni tó bá ń kọjá lọ lè dà á kọ, ibẹ̀ sì ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, kí ni mo fi ṣe àwọn tó ń ta ilẹ̀ yìí? Láti aago méje àárọ̀! Wọ́n ní ilẹ̀ wà ní Ijanikin, ilẹ̀ gbígbẹ ni, kí n wá wò ó... ilẹ̀ gbígbẹ tí ọ̀pọ̀lọ́ ń ké nínú ẹ̀. Kí n tó pa tiwọn, ohùn obìnrin kan tí kì í mí á wọlé, á ní kí n tẹ one kí n lè gbọ́ ọ̀rọ̀ ìṣírí òòjọ́. Ìṣírí kí ni? Ta ló sọ fún ẹ pé ọkàn mi rẹ̀wẹ̀sì? Àwọn tó ń ta àgbo náà á pè, wọ́n á bi mí, èmi abilékọ, bóyá ọkọ mi ń ṣe dáadáa nínú ilé. Ọ̀kan tiẹ̀ pè mí tó ní mo ti jẹ mọ́tò, kí n ṣáà ka number tó wà lẹ́yìn káàdì ATM mi fún òun... ọ̀dẹ̀! Olè tí ò ní sùúrù kó kọ́ṣẹ́ olè dáadáa. Mo block wọn títí ọwọ́ fi ń ro mí, mo fi STOP ránṣẹ́ síbi tí wọ́n ní ká fi í ránṣẹ́ sí, ó dín kù fún ìgbà díẹ̀, ni wọ́n bá tún fi number mìíràn yọ sí mi.

Ohun tó wá bà á jẹ́ pátápátá ni ti ọjọ́ Sunday kan. Ìjọ aláṣọ funfun ni wa, èmi, ọkọ mi, àti púpọ̀ nínú àwọn tí a jọ ń gbé compound. Landlord wa gan-an, alàgbà ni níbẹ̀. Mo gbàgbé láti pa fóònù mi lọ́jọ́ yẹn. A ti kúnlẹ̀, gbogbo ibi pa rọ́rọ́, àfi wìnrìn wìnrìn nínú báàgì mi. Kí n tó wá a rí, ó ti dún tẹ́rùn. Ìyá Àdúrà, olórí àwọn obìnrin ìjọ, tí yàrá wọn kọjú sí tiwa gẹ́lẹ́ nínú compound, ní kí n dìde dúró. (Mo ń pè wọ́n ní “wọ́n” torí àgbà ni wọ́n o, kì í ṣe torí pé ó wù mí.) Mo dìde. Wọ́n bi mí lójú gbogbo ìjọ pé ta ló nífẹ̀ẹ́ mi tó báyìí tí kò lè dúró kí n bá Olúwa mi sọ̀rọ̀ tán, wọ́n ní àbí ọkọ ìta ni. Gbogbo ìjọ bú sẹ́rìn-ín. Ọkọ mi ò rẹ́rìn-ín. Odindi ọ̀sẹ̀ méjì ló fi ń wo fóònù mi ní ìwòkuwò. Ẹ sì mọ ẹni tó pè? Onílẹ̀ Ijanikin!

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe di ẹlẹ́ṣẹ̀. Ní Tuesday tó tẹ̀ lé e, àwọn kan tó ń ṣe promo ọṣẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ bus stop ní Okokomaiko, wọ́n ní kí n kọ orúkọ àti number mi kí n lè wà nínú raffle draw. Mo mọ ohun tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ máa ń bí. Mo gba bírò. Mo kọ orúkọ Ìyá Àdúrà ní kíkún, mo kọ number wọn sí i. Orí mi ni number yẹn wà, mi ò nílò kí n wò ó, torí èmi ni mo ń tẹ gbogbo poster ẹgbẹ́ obìnrin fún wọn, wọn kì í sì í dúpẹ́. Kí n má parọ́ fún yín, ó dùn mọ́ mi. Ó dùn mọ́ mi débi pé mo ń jó nínú bàtà mi délé. Látọjọ́ náà, ìwékíwèé tó bá ṣáà ti béèrè number... ilé òògùn, káàdì àlejò ní ṣọ́ọ̀ṣì ẹlòmíràn, àwọn onígírámà tó ń pín ìwé ilẹ̀ ní Iyana Iba, form orí ayélujára... Ìyá Àdúrà. Èmi wá yí line mi padà, mo fi ọ̀dà bo number ara signboard, ẹni tó bá fẹ́ photocopy kó fẹsẹ̀ rìn wá. Fóònù mi dákẹ́. Oṣù mẹ́ta gbáko, mo mọ ohun tó ń jẹ́ àlàáfíà.

Tiwọn ló wá ń dún. Mo ń gbọ́ ọ láti yàrá mi, bí wọ́n ṣe ń pariwo pé ta ló fún ẹ ní orúkọ mi, báwo lo ṣe mọ orúkọ mi? Ìyẹn gan-an ló já wọn láyà, pé àjèjì ń pe orúkọ wọn. Ẹ̀yin náà ẹ mọ bí a ṣe máa ń gbàdúrà sí ẹni tó bá ń pe orúkọ ẹni níbi tí kò dáa. Ẹni tó lọ́pọlọ á mọ̀ pé promo ni. Àmọ́ Ìyá Àdúrà, olùkọ́ fẹ̀yìntì, ọmọ Èkìtì tó ń fi ìwé tó kà yangàn sí gbogbo wa, ọ̀dọ̀ wòlíì ni wọ́n gbé ọ̀rọ̀ lọ. Wòlíì gbójú sókè, ó ní òun rí obìnrin kan tó fọwọ́ kan fóònù yẹn. Ìran ńlá! Fóònù tó ti ń dé ọwọ́ oríṣiríṣi èèyàn láti ọjọ́ yìí wá? Ó ní kí wọ́n gbé e wá kí òun wọ́n omi àdúrà sí i. Kò wọ́n ọn o, ó dà á sí i. Látọjọ́ yẹn, spíkà ti bàjẹ́, àwọn onílẹ̀ á pè, wọ́n á máa sọ tiwọn lọ́ún, Ìyá Àdúrà ò ní í gbọ́ nǹkan kan ju hììì lọ. Ni wọ́n bá ń dúpẹ́ nínú ìjọ, wọ́n ní ẹ̀mí tó ń pe àwọn ò lè sọ̀rọ̀ mọ́, àdúrà ti dì í lẹ́nu. Mo sáré wọ yàrá mi, mo ki orí bọ pillow, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú mi.

Ẹ̀rín yẹn ló gbẹ̀yìn o.

Nítorí pé nígbà tí wọ́n jókòó tí wọ́n ń ro obìnrin tó fọwọ́ kan fóònù, Ìyá Sẹ̀wánù ni wọ́n mú. Opó ni, Ègùn ni, yàrá ẹ̀yìnkùlé ló ń gbé, ẹja ló ń yan. Fóònù tiẹ̀ kú lọ́jọ́ kan, ó tọrọ ti Ìyá Àdúrà kó fi pe ọmọ ẹ̀ ní Badagry, ó sì bọ́ sí ọ̀sẹ̀ tí èmi ti mú bírò. Ó tán. Wọ́n ní èdè tó sọ lórí fóònù yẹn, àwọn ò gbọ́ ọ, ta ló mọ ohun tó fi èdè náà bò? Ègùn ló ń bá ọmọ ẹ̀ sọ o! Wọ́n ní kó má pọnmi nínú kànga mọ́. Kò sẹ́ni tó ń dáhùn ìkíni ẹ̀. Landlord ní kó kó ẹrù ẹ̀ jáde, ó pẹ́ tán ní Saturday tó ń bọ̀ yìí. Àwọn tó ń jẹ ẹja ẹ̀ ní àwìn tẹ́lẹ̀ ló ń tutọ́ sílẹ̀ tó bá ń kọjá.

Ẹ sì jẹ́ kí n sọ ẹni tí Ìyá Sẹ̀wánù jẹ́ sí mi. Nígbà tí mo bí Dámi, ìyá mi ti kú. Obìnrin yìí ló wẹ ọmọ mi, ló fi omi gbígbóná tẹ̀ mí níkùn láràárọ̀ títí mo fi lókun. Mi ò bẹ̀ ẹ́ o. Ó kàn gbé omi kaná, ó kanlẹ̀kùn ni.

Mo gbìyànjú, kí ẹ má rò pé mi ò gbìyànjú. Mo lọ bá Ìyá Àdúrà, mo ní kí wọ́n gbé fóònù wá kí n bá wọn dí ọ̀nà àwọn tó ń pè, pé ọ̀rọ̀ number ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀mí. Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ network, ọ̀rọ̀ ayé ni, wọ́n sì ní ẹni tí ọkọ ìta ń pè nínú ìjọ ò lè mọ ohun ẹ̀mí. Inú bí mi, mo yíjú padà, mo bá tèmi lọ. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni wọ́n kéde ààwẹ̀ ọjọ́ méje. A dúró yípo nínú compound, wọ́n gbàdúrà pé ẹni tó bá gbé orúkọ àwọn fún àjèjì, kó má rí ìsinmi, kí orúkọ tiẹ̀ sọnù láàárín àwọn èèyàn ẹ̀. Ṣé ẹ mọ ẹni tí Àmín ẹ̀ ròkè jù? Èmi ni. Tí èèyàn ò bá pariwo, wọ́n á máa wò ó.

Lánàá, Ìyá Sẹ̀wánù fẹsẹ̀ rìn wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ó ní kí n bá òun tẹ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí landlord. Ó jókòó sórí àga tí àwọn ọmọ school máa ń jókòó sí, ó ń fi ìka ká etí aṣọ ẹ̀, ó ní kí n kọ ọ́ pé òun ò ṣe nǹkan kan, pé ọmọ òun àti ọkọ ẹ̀ àti ọmọ mẹ́ta ni wọ́n há sí yàrá kan ní Badagry, òun ò ní ibi tí òun máa lọ. Mo tẹ̀ ẹ́. Kí ìwé náà lè dùn létí, èmi, ọ̀mọ̀wé, mo fi gbólóhùn kan kún un látọwọ́ ara mi, pé tí òun bá ṣẹ̀ wọ́n láìmọ̀, kí wọ́n dárí ji òun. Ó tẹ̀ka sí i. Ó gbàdúrà fún mi pé wọn ò ní í gbé ẹ̀bi ẹlẹ́bi lé mi lórí. Mo ní Àmín. Ẹ gbọ́ o, mo ní Àmín!

Landlord ka ìwé yẹn ní àárín compound lówùúrọ̀ yìí. Nígbà tó dé ibi gbólóhùn tèmi, ó dúró, ó gbé ìwé sókè, ó ní ṣé ẹ rí i, ó ti jẹ́wọ́, ẹni tí ò ṣe kì í tọrọ àforíjì. Ìyá Àdúrà ní Ògo. Ìyá Sẹ̀wánù kàn ń wò mí, bóyá mo máa sọ pé èmi ni mo kọ ibẹ̀ yẹn. Mo ń wo ilẹ̀.

Mo ti ń fi gbogbo èèyàn ṣe yẹ̀yẹ́ látòkè wá, àbí? Onílẹ̀, wòlíì, Ìyá Àdúrà. Nínú gbogbo wọn, ta ló wá burú jù? Onílẹ̀ tó ń pè, ó ń wá oúnjẹ òòjọ́ ẹ̀ ni. Ìyá Àdúrà, ẹ̀rù ń bà wọ́n lóòótọ́, wọ́n ti rù. Èmi ni mo mọ òtítọ́ tí mo dákẹ́. Wọ́n ní ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀, tèmi ò tọ̀ mí o, orí arúgbó ló lọ balẹ̀ sí. Tí mo bá sọ, àwa la máa kó jáde nílé, ọkọ mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fojú rere wò mí á ní kí ni mo tún fi pamọ́? Nínú ìjọ, ẹ má tiẹ̀ jẹ́ ká débẹ̀. Tí mi ò bá sì sọ... ọjọ́ Saturday ń bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ní làákàyè, ṣé kí n lọ bá landlord nìkan ni? Ṣé kí n sọ ọ́ lójú gbogbo compound? Ṣé ọkọ mi ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́? Ẹ má sọ fún mi pé kí n gbàdúrà o, mo ti ṣe Àmín tó.

Page yìí ní kéèyàn kọ number ẹ̀ sílẹ̀ fún admin kí wọ́n tó gba ọ̀rọ̀ ẹ̀ wọlé. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, ọwọ́ mi ti tẹ̀ ẹ́ tán. Mo wò ó dáadáa, number Ìyá Àdúrà ni. Jẹ̀bẹ̀tẹ̀ gbé ọmọ lé mi lọ́wọ́. Mo pa á rẹ́. Tèmi ló wà níbẹ̀ báyìí, line tuntun yẹn. Ẹni tó bá ní ìmọ̀ràn gidi, kó gbà á lọ́wọ́ admin, kó pè mí kí Saturday tó pé. Number yòówù kó jẹ́, màá gbé e.